Télọ̀ Tó Tún Sítíárì Rán

Ùùùùùùn!

Bí sítíárì ọkọ̀ àbúrò mi ṣe ń ké nìyẹn. Ó yà sọ́tùn-ún, ùùùn. Ó yà sósì, ùùùn. Bí ó bá wá yí i dé òpin pátápátá, ohùn náà á dà bíi ti ewúrẹ́ tó ń rọbí ìbẹta.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní aago mẹ́jọ, àbúrò mi dúró síwájú ọkọ̀ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé téèpù yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bó bá ń wẹ̀. Ó mi orí, ó sì sọ gbólóhùn tí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ.

"Kò le rárá."

Àyà mi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó já a. Télọ̀ ni àbúrò mi. Tó bá jẹ́ ti abẹ́rẹ́ àti òwú ni, mi ò tíì rí ẹni tó jù ú lọ. Ó lè rán kóòtù fún alápà kan kí ẹ má mọ apá tí kò sí. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá tó fún un lọ́wọ́ gbàgbé láti sọ fún un pé aṣọ nìkan ni kí ó fi ọwọ́ náà kàn. Ó tún fáànù pálọ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá. Kò le rárá. Òrùlé ni fáànù náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí títí di òní. Bí ooru bá mú ọ nílé rẹ̀, àfi kí o gun àkàbà. Ó tún ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣe. Kò le rárá. Ilẹ̀kùn náà ṣe é tì láti ìta, kò ṣe é tì láti inú. Gbogbo ará ilé wá di olórin tipátipá, nítorí bí o kò bá máa kọrin nígbà tí o bá ń wẹ̀, ẹnì kan á já wọlé bá ọ.

Àwọn aládùúgbò ti gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí wa sọ ọ́. Kò-Le-Rárá ni wọ́n ń pè é.

Ó sì ń dáhùn! Ó rò pé oríkì ni.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáànù. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fèèlì lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìtajà oògùn ńlá kan ti gbà á pé kó wá máa wa ọkọ̀ tó ń pín oògùn kiri. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó mú ìwé ìwakọ̀ dání wá, pé bí kò bá sí ìwé, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, àwọn á pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Bó bá tún fèèlì lónìí, ó di oṣù mẹ́ta kó tó tún rí àyè. Ọkọ̀ tí oníkálùkù bá sì gbé lọ ni wọ́n fi ń dán an wò.

Ẹ wá rí i pé orí ọkọ̀ ewúrẹ́ yìí ni iṣẹ́ ọmọ náà wà.

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí ó fi ń dán. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì fi kan ẹnu.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ariwo lásán ni."

"Ariwo lásán kẹ̀! Kí ọ̀gá ìdánwò jókòó tì ọ́, kí ọkọ̀ máa sunkún? Á ní o ti ń nà án nílé ni. Lọ jẹun. Kó tó di aago mẹ́wàá, ọkọ̀ yìí á dákẹ́ bí ọlọ́dẹ tó sùn sẹ́nu iṣẹ́."

Ọkọ mi, kí ó máa sinmi, mekáníìkì ni. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni mo fi ń gbọ́ àròyé ọkọ̀ kí n tó gbọ́ "ẹ káàárọ̀". Láti orí ibùsùn ló ti máa ń mọ àrùn ọkọ̀ tó bá ń kọjá níta. Á dijú, á ní, "Béárínì." Òmíràn á kọjá, á ní, "Bẹ́líìtì." Ẹ̀kẹta á kọjá, á ní, "Èyí ò ní nǹkan kan. Ẹni tó ń wà á ni kò mọ̀ ọ́n wà." Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti lọ, etí mi kò sì tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nítorí náà, mo sọ ohun tí òun ìbá sọ.

"Àbúrò mi, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì sítíárì ń wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì ọ̀hún ti lọ sílẹ̀. Bù kún un, ó tán."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó ní òṣùpá ń tẹ̀ lé òun bọ̀ láti ilé ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn. Bí èèyàn bá ń wakọ̀, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń dì mú?"

"Sítíárì."

"Kí ni ó ń yí kó tó ké?"

"Sítíárì náà ni, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ohùn ti..."

"Ó parí! Ibi tí a bá fà ni aṣọ ti ń ya. Ibi tí a bá yí ni ariwo wà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ òfin. Nípa òfin yìí, bí o bá tẹ aago ẹnu ọ̀nà, inú ìka rẹ ló ti dún.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tiwa ti gbọ́. Ó wà lórí oníbàárà kan nígbà náà, ó ti fá ìdajì orí rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìfárí sílẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ bọ́ síta.

"Kò-Le-Rárá fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe o! Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó fi sílẹ̀!"

Oníbàárà náà tẹ̀ lé e jáde tòun taṣọ lọ́rùn, apá kan orí rẹ̀ ń dán, apá kejì dúdú. Ìyẹn gan-an kò bínú. Ó ní òun ò lè pàdánù èyí nítorí orí.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀. Ó wọ ilé, ó gbé agolo ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ jáde, èyí tó ní ẹnu gígùn bíi ti lékeléke. Ó jókòó sídìí sítíárì, ó tẹ̀ ẹ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀.

Tó. Tó. Tó.

Ó dúró díẹ̀ bíi dókítà tó fún aláìsàn lóògùn. Ó tan iná ọkọ̀. Ó yí sítíárì.

Ùùùùùùn!

"Ó ní ẹ ṣeun," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ó ní ẹ bù sí i."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé dáadáa ná," ni àbúrò mi wí. Ó tún kán an. Ó tún yí i.

Ùùùùùùùùùn!

"Ó ní ó dùn."

Mo ti ń di ikùn mú. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago, ó wo búrẹ́dì, ó gbé búrẹ́dì fún adìẹ.

Nígbà tó yá, àbúrò mi dìde. Ó ní ó dá òun lójú báyìí pé inú sítíárì gan-an ni nǹkan wà, pé òun á yọ ọ́. Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí rẹ̀ yọ ìdérí tó wà láàárín sítíárì. Ìdérí náà ta pàù, ó fò gba fèrèsé jáde, ó sì bọ́ sórí itan onígbàjámọ̀.

"Ó ti ń jáde díẹ̀díẹ̀," ni ìyẹn wí.

Nọ́ọ̀tù kan ló wà lábẹ́ ìdérí náà. Àlùmọ́gàjí kò lè tú u. Àbúrò mi yíjú sí mi, ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àpótí sípánà ọkọ yín yẹn, ṣé ẹ lè..."

"Kò jáde."

"Fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Mo ní kò jáde. Ẹni tó ni ín kò fi yọ ohun tí kò ṣàìsàn rí."

Ó kúnlẹ̀, mi ò gbọ́. Ó lọ tọrọ sípánà lọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́yìn òpópónà. Àti lọ àti bọ̀, aago mẹ́wàá kọjá. Ọlọ́dẹ kò tíì sùn.

Bó ti dé, ó na ìka sókè.

"Ẹ má rò pé ọ̀bọ ni mí o. Ọlọ́gbọ́n a máa sàmì kó tó tú nǹkan. Bí mo bá dá a padà, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ló máa bọ́ sí."

Ó yọ ṣọ́ọ̀kì nínú àpò. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Èrò tó dáa ni. Ọkọ mi pàápàá máa ń sàmì. Mo ti ń ronú pé bóyá mo ti fojú kéré àbúrò mi, àfi ìgbà tí mo rí i tó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn sítíárì, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí ibi tí ojú kankan kò lè dé.

"Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yìn lo sàmì sí?"

"Kó má baà ba ojú rẹ̀ jẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn aṣọ la ń fàlà sí. Iṣẹ́ tó bá dáa, a kì í rí àmì rẹ̀ níta."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ? Ogójì ọdún lọkùnrin yìí fi ń sàmì sí òdì aṣọ. Bí ilé bá jó, òdì ògiri ni yóò kọ "iná" sí.

Ó tú nọ́ọ̀tù. Ó fa sítíárì, kò wá. Ó fa á, kò wá. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé iwájú ọkọ̀, ó di sítíárì mú bí ẹni tó ń fa eyín erin, ó kígbe, "Yéè!"

Gbààà!

Òun àti sítíárì jọ gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ jáde. Ìdí ló fi balẹ̀. Ó gbá sítíárì mọ́ àyà bí ìyá tó gba ọmọ lójú iná. Olórí-méjì, bí mo ṣe sọ oníbàárà onígbàjámọ̀ lórúkọ nínú ọkàn mi, rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi já bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Èmi fúnra mi fara ti ògiri. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ bá ọkọ mi!

Àbúrò mi kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó ti rí nǹkan kan. Wáyà pupa tín-ín-rín kan ló ń yọ jáde níbi tí sítíárì ti kúrò.

"Àhá! Òun nìyí! Ó tú. Nígbà tó tú, kí ló fẹ́ ṣe bí kò bá ké?"

Kò tú. Ara ìdérí tó ta pàù lẹ́ẹ̀kan ló ti já. Wáyà fèrè ọkọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin ronú."

Ó wọlé, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú jáde. Mo búra fún yín, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó fi òwú we wáyà náà mọ́ irin ní ìlọ́po mẹ́rin, ó so ó ní kókó, ó tún un so, ó sì fi eyín gé òwú. Lẹ́yìn náà ló wá gbé sítíárì padà.

Ó wá àmì. Kò rí àmì.

Ó yí orí sọ́tùn-ún, kò rí i. Ó yí i sósì, kò rí i. Ó ti orí bọ abẹ́ sítíárì, ó dorí kodò síbi tí ẹsẹ̀ ń wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wá ń yọ níta ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ adìẹ tó já bọ́ sínú ìkòkò. Láti ibẹ̀ ló ti kígbe, "Mo ti rí i!" Láti ibẹ̀ náà ló ti ń yí i, tó ń dìídì bá a mu. Ẹni tó dorí kodò ló ń wo nǹkan tó wà lóòró. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Ó dìde, ó fún nọ́ọ̀tù le, ó tẹ ìdérí mọ́ ọn, ó nu ọwọ́.

Onígbàjámọ̀ sún mọ́ ọn. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀gá Télọ̀, táyà wà ní gbọọrọ, àmọ́ àmì ọkọ̀ tó wà láàárín sítíárì yìí ti yí ẹsẹ̀ sókè. Ó dà bíi pé sítíárì yín dorí kodò."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín ìkáàánú.

"Ọ̀rẹ́, sítíárì kì í dorí kodò. Róbótó ni. Ohun tó bá rí róbótó kò lórí, kò nídìí."

Ó tan iná ọkọ̀. Ó yí sítíárì sósì.

PÀÀÀÀÀÀÀÀN!

Fèrè ọkọ̀! Adìẹ tó jẹ búrẹ́dì fò gun òrùlé. Ọmọ kan ní ilé kẹta bú sẹ́kún. Bí sítíárì bá ti kọjú sósì, fèrè á máa ké. Bó bá ti padà, á dákẹ́.

Àbúrò mi pa iná. Òógùn bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ ọ́n.

"Ṣé ẹ gbọ́ ùùùn?"

"Rárá," ni onígbàjámọ̀ wí. "Pààààn la gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́ ùùùn?"

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ùùùn nínú pààààn?"

"Nítorí náà, ùùùn ti lọ. Apá òsì ti san. Ó ku apá ọ̀tún."

Mo ní kí n tún sọ ọ̀rọ̀ ike ọ́ìlì, mo wo ojú rẹ̀, mo fi sílẹ̀. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú ọmọ náà ti pọ́n. Ó sún mọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, iṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn."

"Kò tíì lọ."

"Dádì ti pa á."

"Lọ fọ ojú rẹ."

Mo wọ yàrá mi. Mo fa àpótí náà jáde lábẹ́ ibùsùn, mo nu eruku orí rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró mi, mo sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wúwo ju bí mo ti rántí lọ.

Àbúrò mi ló ní òun máa wà á débẹ̀, pé òun nìkan ni iṣẹ́ náà mọ̀ lọ́wọ́. A mú ọ̀nà pọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la yà sósì kí a tó débẹ̀. Ní àkọ́kọ́, pààààn! Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá wọ́ ẹsẹ̀ fò kọjá gọ́tà bí ẹtu, ó sì fi ọ̀pá sílẹ̀ lójú títì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, pààààn! Àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú jù. Oríta ńlá ni. Ọlọ́pàá kan ń darí ọkọ̀ níbẹ̀. Ó gbọ́ fèrè tí kò dákẹ́, ó rò pé èèyàn pàtàkì kan ló ń bọ̀. Ó dá gbogbo ọkọ̀ ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, ó so ẹsẹ̀ pọ̀ gbì, ó sì bẹ́rí.

Ọmọ náà wọ abẹ́ ìjókòó lọ.

Àbúrò mi ṣí fèrèsé, ó juwọ́ sí ọlọ́pàá náà.

"Ẹ ṣé o! Ẹ kú iṣẹ́!"

Ẹ̀rín dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo kàn dijú.

Bí a ti sún mọ́ gééètì ọgbà ìdánwò, mo rí i níwájú: ilẹ̀ gbalasa kan tí wọ́n da ọ̀dà sí, àgbá funfun mẹ́sàn-án tí wọ́n tò lórí ìlà, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wakọ̀ gbà láàárín wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró lẹ́bàá wọn, ó ní pátákó ìkọ̀wé lápá, bíróò wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ọ̀gá ìdánwò nìyẹn.

Títí di ìgbà yẹn, sítíárì tó dorí kodò ni àbúrò mi fi ń wakọ̀, ọkọ̀ sì ń lọ ní gbọọrọ. Bóyá à bá ti wọlé ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ó rí obìnrin náà. Ìtìjú télọ̀ mú un, irú èyí tó máa ń mú un bí oníbàárà bá dé tí òwú ṣì ń yọ lára aṣọ.

"Kò yẹ kí ìyá yìí rí i báyìí," ló wí. Ó sì yí sítíárì kí àmì ọkọ̀ lè dúró dáadáa.

"Dádì, rárá!"

Ìdajì òbìrí. Sósì.

PÀÀÀÀÀÀN! Ọkọ̀ ṣẹ́rí bí ẹṣin tó rí ejò, ó já gba gééètì wọlé. Gbàgà! Àgbá kan ṣubú. Gbòò! Ó di méjì. Gbàgàdà! Ó di mẹ́ta. Ẹ̀kẹta yí gbiri gbiri lọ bá ọ̀gá ìdánwò. Ìyá náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀, àgbá kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.

Ó mú bíróò lẹ́yìn etí. Ó kọ nǹkan.

Ó wá rìn wá bá wa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ pa iná ọkọ̀."

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú o, mà, ọkọ̀ yìí..."

"Kí ló dé tí sítíárì yín fi dorí kodò?"

"Róbótó ni, mà."

Ó kọ ọ́.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń fun fèrè bí ẹ bá ń yà?"

"Èmi kọ́, mà. Òun ló ń fun ara rẹ̀."

Ó kọ ọ́.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni, mà." Ó gbé àyà sókè.

"Mekáníìkì ni yín?"

"Télọ̀ ni mí, mà."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. Ó wo téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kó mú ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ wá. Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ tì í.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mà. Kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀."

Ó wò ó, ó fi í sí àpò, ó kọjú sí ọmọ náà.

"Ìwọ lo kàn. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fún yín. Bí sítíárì yìí bá ṣì wà bó ṣe wà, kò sí ìdánwò."

Ó yí padà, ó lọ.

"Ogún ìṣẹ́jú," ni àbúrò mi wí, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Kò le..."

"Jókòó!"

Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó jókòó. Orí àgbá tó ti bì ṣubú ló jókòó sí.

Mo gbé àpótí sílẹ̀, mo ṣí i. Gbogbo sípánà wà ní àyè tó fi wọ́n sí, láti orí kékeré dé orí ńlá, bí ọmọ ilé ìwé tó tò sórí ìlà. Mo mú èyí tó yẹ. Mo yọ ìdérí, mo tú nọ́ọ̀tù, mo fa sítíárì díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, ó wá pẹ̀lẹ́. Mo gé gbogbo òwú yẹn dànù. Òwú tó wà níbẹ̀ tó láti fi rán bọ́tìnnì mẹ́fà. Mo so wáyà sí àyè rẹ̀. Mo dá sítíárì padà, orí sókè, ìdí sílẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike ọ́ìlì gbẹ bí ètè aláwẹ̀. Ìgò ọ́ìlì sítíárì kan wà ní igun àpótí, ó ku ìdajì. Mo dà á sí i títí ó fi kan ìlà. Mo ní kí ọmọ náà tan iná, kó máa yí i lọ, kó máa yí i bọ̀.

Ùùùùn.

Ùùn.

Ù.

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. A ń gbọ́ ẹyẹ.

"Páìpù rẹ̀ ń jò díẹ̀," mo sọ fún ọmọ náà. "Lọ́la la ó wo ìyẹn. Tòní, ó tó. Máa lọ."

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo nu ọwọ́ mi. Àbúrò mi wò mí láti orí àgbá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe ti tú u tẹ́lẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó rọ̀ yín lọ́rùn o."

Mo pa àpótí dé. Òkú ọkọ mi ìbá dá a lóhùn.

Wọ́n tún àwọn àgbá tò, àfi èyí tí àbúrò mi jókòó lé, tí wọ́n ní kó dìde lórí rẹ̀. Ọmọ náà gbéra, ọ̀gá ìdánwò jókòó tì í. Ó gba àárín àgbá bí òwú tó gba ojú abẹ́rẹ́. Ó fi ẹ̀yìn rìn, kò kan nǹkan kan. Ó yà sósì, kẹ́kẹ́ pa. Ó jáde sí títì, ó lọ, ó bọ̀. Èmi ń ka èémí mi. Àbúrò mi ń jẹ etí téèpù.

Ìgbà tí ọ̀gá ìdánwò sọ̀ kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Ó ya ìwé méjì kúrò lára pátákó rẹ̀. Ó fún ọmọ náà ní ọ̀kan. Ọmọ náà kà á, ó pariwo, ó fò mọ́ mi lọ́rùn. Ó yege!

Ìyá náà na ìwé kejì sí àbúrò mi.

"Ẹ fọwọ́ síbí, sà."

Ó mú bíróò, inú rẹ̀ ń dùn, ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i kó tó kà á.

"Mà, àṣìṣe wà níbí. Orúkọ mi ló wà lórí èyí."

"Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ fún."

"Èyí ní mo fèèlì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mà, èmi kọ́ ni mo wá ṣe ìdánwò. Ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀. Ọmọ yín yege, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ wa ọkọ̀ wọ inú ọgbà mi, ẹ gba àárín àwọn àgbá mi, èmi sì dúró, mo wò yín. Ohun tí à ń pè ní ìdánwò náà nìyẹn, sà. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

"Ìwé mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Kó tó di ìgbà náà, ẹ kò gbọdọ̀ wakọ̀ àfi bí ẹni tó ní ìwé bá jókòó tì yín. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó ní in?"

Àbúrò mi rọra bojú wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ ti jókòó sídìí sítíárì, ó ti de bẹ́líìtì, ó ń fi ìwé tuntun náà fẹ́ ara rẹ̀.

"Dádì, ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yín, aago méje àárọ̀. Mi ò fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pẹ́ o."